Ilé Kan Náà ni Kí Wọ́n Padà Sí

Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ọ̀rọ̀ tòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìbò. Nígbà tí ìjọba bá gbé ètò kan kalẹ̀, tí nǹkan sì yí padà nílùú, báwo ni èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ètò náà ló yí i padà?

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kínní, ọdún 1955, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń darí ìjọba ẹkùn náà, Olóyè S. O. Awókọ́yà sì ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1954, ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà; ní 1955, wọ́n di 811,432. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Òmùò-Èkìtì fi síléètì há abíyá, ó gba ilé-ìwé lọ, bàbá rẹ̀ kò sì san tọ́rọ́.

Ní òdìkejì ààlà, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Okun wa, ìyẹn Yàgbà, Kàbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ni àwọn òyìnbó amúnisìn ti kó mọ́ Ẹkùn Àríwá, lábẹ́ Pùrófíǹsì Kàbà. Àwọn ará Yàgbà àti Ìjùmú ń sọ Yorùbá, wọ́n ń gbin iṣu bí ará Èkìtì ṣe ń gbin ín, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n ń fẹ́ra wọn. Ṣùgbọ́n òfin Ìwọ̀-Oòrùn tó ń ti Ìbàdàn wá kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kàdúná ni àṣẹ tiwọn ti ń wá, Kàdúná kò sì sọ pé kí ilé-ìwé di ọ̀fẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní 1957 sí 1958, ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá Ìlọrin àti Kàbà padà sí Ìwọ̀-Oòrùn wà lára ohun tó dé iwájú wọn. Wọn kò sún ààlà náà kúrò.

Ohun tó jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn fún àwọn àgbà wa nígbà náà ni onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń wá kiri bí ẹni ń wá wúrà. Èèyàn kan náà, ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ààlà kan láàárín wọn, ètò sì dé apá kan láìdé apá kejì. Ẹ jẹ́ ká fi iye tí a dá sílẹ̀ fúnra wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ní abúlé Èkìtì kan, 40 ló ń lọ sílé-ìwé ṣáájú ètò ọ̀fẹ́, tí wọ́n di 75 lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ká ní ní abúlé Yàgbà kan, 30 ló ń lọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n di 45 láàárín àkókò yẹn. Olóṣèlú Èkìtì yóò yan fanda pé ètò òun mú ọmọ 35 wọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ 15 ti wọlé ní Yàgbà láìsí ètò kankan. Owó oko tó ń wọlé ló fà á, àti ìwàásù àwọn míṣọ́nnárì, àti ojú tó ń là. Ó ṣeé ṣe kí irú 15 bẹ́ẹ̀ wọlé ní Èkìtì náà bí Awólọ́wọ̀ kò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Èyí tí a lè fún ètò náà ni 20 tó ṣẹ́kù. Ogún kò kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe 35.

Ìyọkúrò méjì ni gbogbo ọgbọ́n náà. Èèyàn á kọ́kọ́ yọ àná kúrò nínú òní ní ìlú kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà á yọ ìyípadà ìlú tí ètò kò dé kúrò nínú ti ìlú tó dé. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní London, láàárín ọdún 1854, dókítà John Snow fi irú rẹ̀ tú àṣírí àrùn onígbáméjì: ilé-iṣẹ́ omi méjì ló ń fa omi sí àwọn ilé lápá gúúsù ìlú náà, ọ̀kan ti kúrò níbi omi ìdọ̀tí lọ sókè odò, èkejì ṣì dúró síbi tó wà, òkú sì pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà èkejì yìí. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìpínlẹ̀ New Jersey fi kún owó iṣẹ́ tó kéré jù ní oṣù Kẹrin 1992, láti dọ́là 4.25 sí 5.05 ní wákàtí kan, David Card àti Alan Krueger kó ìròyìn jọ láti ilé oúnjẹ 410 ní New Jersey àti ní Pennsylvania tó bá a pààlà. Wọ́n bi wọ́n léèrè ṣáájú àfikún owó, wọ́n sì tún padà bi àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò rí i pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn New Jersey bí ọ̀pọ̀ ṣe ń bẹ̀rù. Card gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Krueger ti kú ní 2019.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tètè jó. Ìyọkúrò méjì yìí ní ohun kan tó fẹ̀yìn tì: pé ká ní ètò náà kò wáyé rárá, ìlú méjèèjì ìbá jọ máa rìn ní ìwọ̀n kan náà. Ṣé Yàgbà àti Èkìtì ń rìn ní ìwọ̀n kan náà ṣáájú 1955? Ẹni tó mọ ìtàn ìlú Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà á mi orí. Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì láti Kánádà tí ẹgbẹ́ SIM rán wá, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ láti 1908. Nígbà tó fi di 1951, ọdún mẹ́rin ṣáájú ètò Awólọ́wọ̀, Titcombe College ti dúró ní ìlú náà. Ìlú tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ìlú tí kò gbọ́ nípa ìwé. Ìtara ìwé tó wà ní Yàgbà lè mú kí iye àwọn ọmọ tó ń wọlé máa yára gorí ju ti àwọn abúlé kan ní Èkìtì lọ, láìjẹ́ pé ìjọba dá sí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyọkúrò wa á bu iṣẹ́ ètò náà kù.

Ohun kejì ni pé ààlà kì í ṣe ògiri. Ọmọ Yàgbà tó ní àbúrò ìyá ní Èkìtì tàbí ní Ìbàdàn lè lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ nínú ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀. Nígbà tí oníṣirò bá wá ka ọmọ ní Òmùò, yóò kà á mọ́ ti Èkìtì. Ètò náà ti dé Yàgbà nìyẹn, láti ẹ̀yìnkùlé.

Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ètò Awólọ́wọ̀, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ní oṣù Kẹsàn-án 1976. Lọ́tẹ̀ yìí, ipò yí padà: ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti ń jẹ ọ̀fẹ́ bọ̀ tipẹ́, nítorí náà ètò tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ kún ohun tí wọ́n ní. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ló gbà á bí òjò àkọ́rọ̀, Kwara sì wà lára wọn. Inú Kwara ni Yàgbà wà nígbà náà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1991. Una Okonkwo Osili, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, àti Bridget Terry Long lo ìyàtọ̀ yìí nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Wọ́n mú àwọn obìnrin tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé wọn ti àwọn tó ti dàgbà kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Ìwọ̀-Oòrùn àti níbòmíràn. Wọ́n rí i pé ọdún kan tí obìnrin fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ dín iye ọmọ tó bí kí ó tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kù, ní ìwọ̀n ọmọ 0.26. Ìyẹn ni pé bí obìnrin mẹ́rin bá fi ọdún kan kún ìwé, àpapọ̀ ọmọ wọn á fi nǹkan bí ọmọ kan dínkù.

Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, àléébù kan wà tí àwọn méjèèjì kò lè ṣe nǹkan sí. Ìwádìí ìlera ti ọdún 1999 ni wọ́n lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń bi obìnrin kọ̀ọ̀kan léèrè. Ìyá Bísí àti ìyá Ṣadé ni wọ́n ń gbé wéra, kì í ṣe ìyá Bísí ní àná àti ìyá Bísí ní òní.

Ìyàtọ̀ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ìyá tó bá ti gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ mọ káàdì tí nọ́ọ̀sì máa ń sàmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Ká ní ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé ka ìwọ̀n lóṣù kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì á mọ ìwọ̀n àwọn ọmọ ìlú lápapọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tó ń rù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ bóyá oògùn tó fún ọmọ kan ṣiṣẹ́. Káàdì tó ń tẹ̀lé ọmọ kan ṣoṣo ló ń sọ ìyẹn.

Ìwádìí tó ń tẹ̀lé ìdílé bí káàdì yẹn ṣe ń tẹ̀lé ọmọ, tó ń padà lọ bi ìdílé tó ti bi tẹ́lẹ̀ ní ìbéèrè tó ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀, ni àwọn oníṣirò ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí títẹ̀lé ìdílé kiri. Ní 1951 sí 1952, Galletti, Baldwin àti I. O. Dina ṣe ìwádìí láàárín àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbin kòkó, wọ́n ń ka ohun tó wọlé fún wọn àti ohun tó jáde lọ́wọ́ wọn. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1956 ṣì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó kòkó ṣe ń rìn nínú ilé nígbà náà. Dina yìí ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ pínpín owó orílẹ̀-èdè wò ní 1968.

Èyí tó tóbi jù ní Nàìjíríà lónìí ni ìwádìí ìdílé tí àjọ oníṣirò ti ìjọba àpapọ̀, NBS, bẹ̀rẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Àdúgbò 500 ni wọ́n ṣà káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá, ìdílé mẹ́wàá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dé ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìpele kan: lẹ́yìn tí wọ́n bá gbìn tán, àti lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n padà lọ ní 2012, ní 2015, ní 2018 àti ní 2023. Ohun tí ìdílé jẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iye àpò àgbàdo tí wọ́n kó, iye tí wọ́n tà á, ọmọ tó wà nílé-ìwé, ẹni tó ṣàìsàn, iye tí wọ́n ra ajílẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀rọ ìtọ́nà orí sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń wọn oko, nítorí pé àgbẹ̀ àti oníṣirò kì í gbà lórí bí oko ṣe fẹ̀ tó.

Kí ni àgbẹ̀ Yàgbà lè rí nínú èyí? Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ fatiláísà. Ní 2012, Dókítà Akínwùmí Adéṣínà, mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, dá ètò kan sílẹ̀ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀. Àgbẹ̀ á mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò, á sì ra àpò ajílẹ̀ méjì ní ìdajì owó. Kó tó di ìgbà náà, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ra ajílẹ̀ tó sì ń pín in, Adéṣínà sì sọ ọ́ léraléra pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀, mọ́kànlá péré ló ń rí i gbà. Àwọn ìyókù mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ó rọrùn láti wo àgbẹ̀ tó lo fatiláísà àti èyí tí kò lò ó, kí a rí i pé ẹni àkọ́kọ́ kórè jù, kí a sì ní fatiláísà ló ṣe é. Ṣùgbọ́n irú àgbẹ̀ wo ló ń rí fatiláísà rà? Ẹni tó ní owó ni, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dára tẹ́lẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbọ́ òyìnbó tó sì lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tí kò sùn títí oòrùn fi yọ. Bí ẹ gba fatiláísà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá, ó ṣì lè kórè ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ibí ni ìpadàlọ sílé kan náà ti ń gba oníwádìí. Ẹ gbé Bàbá Jọ́ọ̀nù ti 2010, tí kò lo ajílẹ̀, ti Bàbá Jọ́ọ̀nù ti 2012 tó lò ó. Ilẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ìwà iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà, ọgbọ́n tó kọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí kò yí padà nípa èèyàn ni ìyọkúrò á gbé lọ, yálà oníwádìí mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n, yálà ó ṣeé wọ̀n tàbí kò ṣeé wọ̀n. Kò sí ìbéèrè tí akọ̀wé NBS lè bi èèyàn tí yóò fi mọ bí ó ṣe múra sí iṣẹ́ tó. Ìyọkúrò kò tilẹ̀ nílò kó mọ̀.

Ní 2017, Saweda Liverpool-Tasie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìwádìí yìí jáde lórí àgbàdo, wọ́n fi ìròyìn ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì NBS ṣe é. Ohun tí wọ́n rí ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ. Wọ́n ní àgbẹ̀ Nàìjíríà kò sá fún fatiláísà tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Níbi tí wọn kò ti lò ó púpọ̀, kì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á, bí kò ṣe pé èrè rẹ̀ kéré: ohun tí ajílẹ̀ fi ń kún ìkórè kò pọ̀ tó, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èyí tó kù.

Owó ọkọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà Ìlọrin sí Kàbà kọjá ní Ẹ̀gbẹ̀ lásìkò òjò kò nílò kí ẹnikẹ́ni láti yunifásítì wá sọ èyí fún yín. Àmọ́ iṣẹ́ ìwádìí náà kò já sí asán. Bí ìjọba bá gbà pé àìmọ̀kan ni ìṣòro, wọ́n á rán àwọn olùkọ́ ọ̀gbìn wá. Bí wọ́n bá gbà pé owó ajílẹ̀ ló ga, wọ́n á san ìdajì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló ń jẹ èrè, ìdajì tí wọ́n san yẹn á dé ọwọ́ onímọ́tò, kò ní dé oko. Lójú òǹkọ̀wé yìí, àbájáde yẹn nìkan tó fún ìjọba láti tún ọ̀nà wa ṣe kí wọ́n tó tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣẹ́jú.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí ọ̀pá ìwọ̀n yìí ti kúrú. 2012 tí wọ́n padà lọ sílé àwọn èèyàn ni ọdún tí omíyalé ńlá gba Lọ́kọ́ja, tí odò Ọya àti Bẹ́núé kún bo oko àwọn ará etídò ní Kogí. Omi yẹn kò gun òkè Yàgbà. Ẹni tó bá gbé ìkórè Kogí ti 2010 ti èyí tó jẹ́ ti 2012 láìbéèrè pé níbo ni oko wà lè pinnu pé ètò àtẹ̀jíṣẹ́ ba ìkórè jẹ́. Ìpadàlọ sílé kan náà ń yọ ohun tí kò yí padà kúrò. Kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó yí padà lọ́dún tí ètò dé. Ẹ sì tún rántí pé ìdílé 5,000 kò lè sọ̀rọ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Agbègbè mẹ́fà orílẹ̀-èdè yìí ni NBS ní ìwádìí náà lè sọ̀rọ̀ fún, agbègbè Àárín Gbùngbùn Àríwá ni wọ́n sì kà wá mọ́. Àgbẹ̀ Ẹ̀gbẹ̀ wà nínú ìṣirò kan pẹ̀lú ará Benue, Plateau, Nasarawa àti Niger. Iṣu Tiv àti iṣu Yàgbà ti di iṣu kan lórí tábìlì Àbújá.

Nígbà tí ètò kan bá wá dé gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ti di nǹkan bí 500. Ní oṣù Keje ó di 617. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ sí ọjà. Kò sí Èkìtì kankan tí a lè gbé ti Yàgbà. Gbogbo Nàìjíríà wà ní ìhà kan náà.

Ìpele karùn-ún NBS bọ́ sí àsìkò yẹn gan-an: wọ́n kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìgbìn ní 2023, wọ́n tún kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìkórè ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Iye ìdílé tó ní àwọn ń bẹ̀rù pé oúnjẹ kò ní tó àwọn fò láti ìdá 36.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpele kẹrin sí 62.4. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, olúkúlùkù sì fi ìbọn tirẹ̀ yìn ín: àwọn alátakò ní ẹ wo ohun tí yíyọ owó ìrànwọ́ ṣe, àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba ní nǹkan ti bàjẹ́ kí àwọn tó dé. Ìpele kẹrin, ní 2018 sí 2019, jìnnà sí ìpele karùn-ún. Láàárín wọn, wọ́n ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020; àrùn kòrónà dé; àwọn ajínigbé lé àgbẹ̀ kúrò lóko; wọ́n pààrọ̀ owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí èèyàn ń tò sí báńkì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Èwo nínú wọn la fẹ́ fi 62.4 yìí lé lọ́wọ́?

Ọ̀nà kan ṣì wà. Òtítọ́ ni pé owó epo fò níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò dun gbogbo ilé bákan náà. Ilé tó jìnnà sí ọjà, tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu àti kajú jáde, tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ ẹ̀gẹ́, yóò jẹ ìyà rẹ̀ ju ilé tó wà lẹ́bàá ọjà, tó sì ń rí iná ìjọba lọ. NBS ti kọ gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀ nípa ilé kọ̀ọ̀kan ṣáájú 2023: bí ó ṣe jìnnà sí títì àti sí ọjà, ohun tó ń sun, ohun tó ń tà. Oníwádìí lè wo bóyá oúnjẹ ilé tó jìnnà dínkù ju ti ilé tó sún mọ́ ọjà lọ. Ìwọ̀n ìfarakàn ló wá dípò ààlà. Kò ní sọ gbogbo ohun tí yíyọ owó ìrànwọ́ fà fún orílẹ̀-èdè. Á sọ ẹni tí ó dun jù, àti bí ó ṣe dun ẹni yẹn tó ju ẹlòmíràn lọ. Òun gan-an sì ni ìjọba nílò bí wọ́n bá fẹ́ pín owó ìtura bí 25,000 náírà tí wọ́n kéde fún ìdílé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù Kẹwàá 2023.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú mímọ ilé tí wọn yóò padà sí. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí ìjọba tilẹ̀kùn ìlú nítorí kòrónà, tí akọ̀wé kankan kò lè wọ ọkọ̀, NBS ti ní nọ́ńbà fóònù àwọn ìdílé yìí lọ́wọ́. Wọ́n pè wọ́n. Ìdílé 1,950 dáhùn. Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú kòrónà, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpè náà. Ìdá 79 nínú àwọn ìdílé sì ní owó tó ń wọlé fún àwọn ti dínkù láti àárín oṣù Kẹta. Wọ́n ń pè wọ́n lóṣooṣù fún ọdún kan, wọ́n sì ń rí i bí iṣẹ́ ṣe ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tó lè rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí kò bá ti mọ àwọn èèyàn náà tẹ́lẹ̀. Ilé tí kò ní fóònù, ìyẹn àwọn tó tòṣì jù, kò sí nínú ìpè náà, àwọn oníṣirò sì ní láti fi ìwọ̀n ṣàtúnṣe fún wọn.

Ìdààmú tó tóbi jù fún irú iṣẹ́ yìí ni pé èèyàn kì í dúró sójú kan. Bàbá kú, wọ́n pín ilé. Ọmọ ilé lọ sí Àbújá, ó kó ìyá rẹ̀ lọ. Ní 2015, àwọn àdúgbò kan wà ní Ìlà-Oòrùn Àríwá tí akọ̀wé kò lè dé nítorí Boko Haram. Ó kàn sú àwọn mìíràn ni: ẹni tí wọ́n ti bi ní ìbéèrè wákàtí púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, tí kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, lè sọ fún akọ̀wé pé kó máa lọ. Bí àwọn tó pòórá bá jẹ́ àwọn tí ìyà jẹ jù, ìròyìn á máa dùn sí i lọ́dọọdún bí ẹni pé ìlú ń gbádùn. NBS máa ń wá àwọn tó kó lọ, wọ́n á gba nọ́ńbà ẹbí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè rí wọn. Síbẹ̀, nígbà tó di 2018, wọ́n ní láti ṣa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tuntun wọlé, wọ́n sì mú díẹ̀ lára ti 2010 dání kí òkùn àtijọ́ má baà já.

Ní ilẹ̀ Okun, àwọn kan ṣì máa ń bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ owó orí ni ẹni tó gbé ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́, tó ń béèrè iye ewúrẹ́ tó wà nílé. Ṣùgbọ́n àwọn ìròyìn tí wọ́n gbé síta fún àwọn oníwádìí kò ní orúkọ kankan nínú. Ibi tí àdúgbò wà pàápàá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún un: ní ìgbèríko, ó lè tó kìlómítà márùn-ún sí ibi tó wà gan-an. Ọ̀fẹ́ ni ìròyìn náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì Báńkì Àgbáyé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lónìí, kí ó sì yọ àwọn ilé Kogí sọ́tọ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí owó epo 2023 ṣe sí oko, àwọn ilé tí wọ́n ti wà nínú ìwé láti 2010 ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó sì béèrè bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí títì tó.